Àwọn Tó Sùn Nílé Lánàá

Kọ́láwọlé kì í gba iye tí kò bá fojú ara rẹ̀ kà gbọ́. Bíríkìlà ni ní Ògbómọ̀ṣọ́, díákónì sì ni ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Bí wọ́n bá já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ fún un, àfi kó tún un kà kó tó po sìmẹ́ńtì. Ìwé Mímọ́ nìkan ni kò yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ rí.

Ara fu ú nígbà tí Zulaikha, ọmọ yunifásítì kan, ní kó wá máa bá òun wọn yàrá àwọn agbo ilé àtijọ́. Ó rò pé owó orí ló wà nídìí ọ̀rọ̀. Ọmọ náà ṣàlàyé títí: Ọ̀yọ́-Ilé, olú-ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́, ti di igbó, ògiri ló kù níbẹ̀. Bí òun bá mọ iye ẹni tó ń gbé yàrá kan nínú agbo ilé tó ṣì dúró, òun á fi díwọ̀n iye èrò ìlú ńlá yẹn láyé ọjọ́un. Agbo ilé Kọ́láwọlé lẹ́yìn oríta Takie ló fi bẹ̀rẹ̀. Mélòó ni wọ́n níbẹ̀? Kọ́láwọlé ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Zulaikha kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n wọ Ọ̀yọ́, ó di agbo ilé Bàbá Mìkáílù, yàrá méjìdínlógún. Bàbá ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìgbà tí Zulaikha kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ ló tó ní kó kọ ọgọ́ta.

Kọ́láwọlé ń fa téèpù, ojú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Aláǹtakùn ti ta òwú dí ilẹ̀kùn mọ́kànlá. Aṣọ tó wà lórí okùn kò ju ti àgbà méjì àti ọmọdébìnrin kan lọ. Ọgọ́ta wo? Orúkọ òun sì máa wà lábẹ́ ìwé yìí gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ìjẹ́rìí èké kọ́ nìyẹn?

"Bàbá, ẹ má bínú," ló wí, "ta ló sùn níbí lánàá?"

Bàbá wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Díákónì, ṣé ìwọ lo fẹ́ lé àwọn ọmọ mi jáde nílé? Yàrá Marufat nìyẹn, Kánádà ló wà. Ti Anas nìyí, ó wà l'Ékòó. Tìrẹ ńkọ́? Mélòó lo pè fún un?"

Kọ́láwọlé ro ilé tirẹ̀ wò. Ẹniọlá ọmọ rẹ̀ wà l'Ábújá, àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ wà káàkiri. Òun àti Esther ìyàwó rẹ̀ nìkan ló jọ mu ẹ̀kọ láàárọ̀.

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo pè," ló ní. "Zulaikha, bó bá jẹ́ àwọn tó sùn nílé ni, kọ méjì."

Bàbá Mìkáílù wo àwọn ilẹ̀kùn tó tì pa, ó ní, "Àwa mẹ́ta la wà níbí." Zulaikha ní òun á kọ méjèèjì, iye ọmọ ilé àti iye ẹni tó sùn, torí òun ò mọ èyí tí àwọn ará àtijọ́ ì bá pè.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ka iye àwọn ọmọ ogun Ísírẹ́lì látinú Ìwé Mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọgbọ̀n ọ̀kẹ́ ó lé. Kọ́láwọlé bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń rò ó pé nínú àgọ́ wọ̀nyẹn, ṣé àwọn tó sùn nílé ni wọ́n kà, àbí àwọn tí bàbá kan kò fẹ́ yọ kúrò? Ó tọrọ àforíjì lọ́kàn. Ìjọ ṣe Àmín. Òun náà ṣe é, ṣùgbọ́n ó gbẹ̀yìn.