Kéréètì Bíà Tí Mo Gbé Lọ Sípàdé Àwọn Tó Ń Jáwọ́ Nínú Ọtí

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo mutí. Kì í ṣe pé mo ń tọ́ ọ wò o! Mo mu ún débi pé mo rán ẹnu ẹsẹ̀ ṣòkòtò oníbàárà mi pa. Télọ̀ ni mí nígbà náà, ní France Road, ní Sabon Gari, nílẹ̀ Hausa. Màlámù tó ni ṣòkòtò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ níwájú mi, ẹsẹ̀ ò jáde. Ó wò mí títí, ó ní, "Haba, tela!" Mo ní àṣà tuntun ni.

Ìyàwó mi ò rẹ́rìn-ín. Ọdún kejì tí a gbòmìnira ni, ọ̀rọ̀ mi sì ti sú u. Àwọn ọmọ wa, tó jẹ́ pé bí a bá bá wọn sọ Yorùbá, Hausa ni wọn á fi dáhùn, ti ní gbólóhùn kan tí wọ́n fi ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà: "Baba ya bugu!" Bàbá ti mutí yó. Ó dun ìyá wọn wọra. Ó kó ẹrù sínú àpótí páànù rẹ̀, ó gbé e sídìí ògiri, ó ní, "Ẹ gbọ́, bàbá àwọn ọmọ. Ọtí kan ṣoṣo sí i, tèmi ti di ọkọ̀ ojú irin nìyẹn. Ọ̀fà ò jìnnà jù, ilé bàbá mi ṣì wà níbẹ̀." Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mi ò mọ bí ilé ṣe máa rí láìsí obìnrin yẹn.

Káfíńtà kan wà tí a jọ máa ń mutí. Ó tó oṣù mẹ́ta tí mi ò ti rí i nílé ọtí, mo ti gbà pé ó kú, mo tilẹ̀ ti mu ìgò kan ní ìrántí rẹ̀. Àfi bí mo ṣe rí i ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Noman's Land, tó ń mu kunu, omi ọkà tí kì í pani, tí ojú ẹ̀ ń dán. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní àwọn kan tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí ń ṣèpàdé ní kíláàsì kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Kálukú á sọ tẹnu ẹ̀, àwọn yòókù á gbọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní bú u. "Máa bọ̀," ó ní, "ìwọ ṣáà wá."

"Ìwọ ṣáà wá" yìí ni ò yé mi. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ni mo wà, kò sì sí èyí tí mo fi ọwọ́ òfo wọ̀. Ẹni tuntun gbọ́dọ̀ gbé kéréètì bíà kan síwájú àwọn àgbà kí wọ́n fi ṣàdúrà fún un. Bó o bá gbé mínírà lọ, wọ́n á ní ahun ni ọ́, orúkọ yẹn á sì bá ọ dé sàréè. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Àgbà tó ń jáwọ́ nínú ọtí, ṣé kì í ṣe àgbà mọ́ ni?

Ní Sọ́ńdè, mo wọ agbádá, mo ra ìgò méjìlá nínú kéréètì, mo gbé e wọlé. Àwọn mẹ́fà ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kékeré, eékún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ gba ohun ìwọlé mi."

Alága, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú. Káfíńtà fọwọ́ bojú. Bàbá aránfìlà kan, tó máa ń mu ògógóró nínú búta àlùwàlá kí àwọn ará mọ́ṣáláṣí má baà mọ̀, ti ń ka àwọn ìgò náà lábẹ́nú. Ìgbà tó yá ni alága bú sẹ́rìn-ín, omi jáde lójú ẹ̀. "Ọmọ mi, o mọ àṣà. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dá a padà báyìí?"

Káfíńtà ní, "Èmi ni."

Gbogbo wọn ké lẹ́ẹ̀kan náà, "Ìwọ kẹ̀?"

Mo ní kí èmi tí mo gbé e wá gbé e lọ. Wọ́n tún ké. Alága fẹ́ dìde, aránfìlà ní, "Alága, ẹ jókòó, a mọ̀ yín." Kò sí ẹni tó ṣeé fi rán. Bẹ́ẹ̀ ni àwa méjèèje ṣe pawọ́ pọ̀ gbé e gba France Road bí ẹni gbé pósí, lójú ọ̀sán gangan. Àwọn ará àdúgbò ń kí wa: "Ẹ kú ìnáwó o!"

Obìnrin tó tà á fún mi káwọ́ lérí. "Wetin do the beer?"

Alága ní, "Nothing do am. Na we get trouble."

Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ta ọtí, òun ò rí ìgò kíkún tó padà wálé rí. Mínírà ló fi bá wa pààrọ̀ rẹ̀.

Àṣé ìyàwó mi ti rí wa! Ó ti lọ ra iyọ̀, ó ń bọ̀, ó rí agbádá mi níwájú, ó rí kéréètì, kò sì dúró wo ibi tí à ń gbé e lọ. Ìgbà tí mo máa délé, àpótí páànù ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ ti wọ bàtà. Ọpẹ́lọpẹ́ alága tó ní kí gbogbo wọn sìn mí délé, torí ilé ọtí mẹ́ta ló wà lójú ọ̀nà. Ó rojọ́ títí, ìyàwó mi ò gbà. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, bàbá. Ẹ tò."

Àgbàlagbà méje tò sídìí ògiri. Ó kúnlẹ̀ kí alága dáadáa, kó tó wá ní kó yanu. Ó ń gbóòórùn ẹnu wa lọ́kọ̀ọ̀kan, òórùn obì lẹ́nu káfíńtà nìkan ló bá.

Ó wọ́ àpótí padà sínú ilé, ṣùgbọ́n kò tú u. Ó ní Sọ́ńdè kọ̀ọ̀kan tí mo bá tìpàdé dé láìmutí láàárín ọ̀sẹ̀, òun á mú ohun kan jáde. Ìró kan lọ́sẹ̀ yìí, gèlè kan, bàtà àwọn ọmọ. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, mo ṣubú, mo tún mutí. Ó dá ìró méjì padà sínú rẹ̀, kò bá mi jà, mo sì sunkún. Mo rò ó nípàdé, ẹnikẹ́ni ò bú mi lóòótọ́.

Ó pẹ́ kí àpótí tó ṣófo. Ohun tó kù nísàlẹ̀ pátápátá ni fìlà mi, èyí tí mo dé lọ sílé bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí a lọ tọrọ rẹ̀. Mo ti wá fìlà yẹn títí, eku ni mo tilẹ̀ fẹ̀sùn kàn.

Mo ní, "Kí ni fìlà mi ń ṣe nínú ẹrù rẹ?"

"Ẹni tó dé e wá sílé bàbá mi ni mo fẹ́ mú lọ," ó ní. "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi sílẹ̀."

Ó gbọn eruku fìlà náà, ó fi dé mi lórí, ó tún un ṣe díẹ̀ sápá ọ̀tún. Ó wá ní kí n yanu.