Ojú Ìwé Tí Bàbá Mi Ń Fò

Lọ́dún tí àwọn ológun fẹ́ gbé ìjọba fún alágbádá, pálọ̀ wa ní Yábàá di ilé ẹ̀kọ́ ìṣèlú. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì paraku. Lẹ́yìn àdúrà ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wọ awò ojú wọn, wọ́n á ṣí ìwé ìròyìn, wọ́n á máa túmọ̀ òyìnbó sí Yorùbá fún ìyá mi àtàwọn obìnrin tí a jọ ń gbé ilé.

Aṣọ ni ìyá mi ń tà lọ́jà. Wọn ò kàwé, wọn ò sì dìbò rí. Ẹnu bàbá mi ni wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn tó ń du ipò, ẹni tí bàbá mi ń yìn ni wọ́n sì fẹ́ dìbò fún.

Èmi ọmọbìnrin wọn, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ìwé mẹ́wàá, ni mo rí i pé bàbá mi ń fo ojú ìwé. Bí ìròyìn bá ti yin alátakò ẹni tiwọn, wọ́n á húkọ́, wọ́n á ṣíwèé síwájú. Ká sòótọ́, bàbá mi kì í purọ́. Wọ́n kàn ń fò ni. Síbẹ̀ inú bí mi. Mo tọ ìyá mi lọ nílé ìdáná, mo ka èyí tí a fò fún wọn. Wọ́n já ẹ̀fọ́ tán kí wọ́n tó fèsì.

"Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí bàbá mi ṣe húkọ́, ìyá mi kúnlẹ̀ lójú gbogbo ayé. Wọ́n ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tẹ́ ẹ fò yẹn náà fún wa."

Àwọn obìnrin yòókù wolẹ̀. Bàbá mi wò mí. Wọ́n mọ ẹni tó tú àṣírí.  Àmọ́ wọ́n ṣíwèé padà, wọ́n sì kà á láti òkè délẹ̀, títí kan ibi tí wọ́n ti bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tiwọn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò fo nǹkan kan mọ́.

Lọ́jọ́ ìbò, bí a ṣe ń padà bọ̀ wálé, bàbá mi bi ìyá mi bóyá ẹni tiwọn ni wọ́n tẹ̀ka fún. Ìyá mi ní rárá o, alátakò ni. Bàbá mi dúró sójú títì, wọ́n béèrè ohun tó fà á.

Ìyá mi ń rìn lọ ní tiwọn, orí wọn wú, tèmi náà wú.

"Ẹ̀yin náà lẹ kà á fún mi, Dádì."