Àtàǹpàkò Tí Fọ́ọ̀mù Íńtánẹ́ẹ̀tì Ń Wá

Òórùn tàdáwà ni mo máa ń kọ́kọ́ rántí bí mo bá ronú nípa Ìkìrun ní ìparí àwọn ọdún 1990: tàdáwà, bébà kábọ́ọ̀nù tí oòrùn ti pa, àti epo tí wọ́n ń kán sí ara ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kí ó má baà há. Abẹ́ igi odán tó wà níwájú ọ́fíìsì ìjọba ni àwọn atẹ̀wé máa ń jókòó sí, oníkálukú pẹ̀lú tábìlì kékeré àti ẹ̀rọ tirẹ̀, tí wọn yóò máa lù ú láti àárọ̀ títí oòrùn yóò fi rọlẹ̀. Ìwọ náà mọ ibẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Ẹni tó bá ti bá ìjọba da nǹkan pọ̀ ní agbègbè wa nígbà náà ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì wọn rí, ó ti fi ìwé tó mú wá fẹ́ ara rẹ̀, wọ́n sì ti sọ fún un pé kí ó padà wá lọ́la.

Inísà ni àwa ń gbé. Jẹ́ọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama níbẹ̀, ìyàwó mi ló sì ń bójú tó ilé ìkàwé ìlú ní Òkukù. Àràárọ̀ ló ń wọ bọ́ọ̀sì akérò, tí yóò fún ara rẹ̀ mọ́ àárín àwọn oníṣòwò àti apẹ̀rẹ̀ ata wọn, ìborùn rẹ̀ ní èjìká. Ilé ìkàwé náà kò ju yàrá gígùn kan lọ, páànù lórí, fèrèsé onígi lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n bẹ́ǹṣì rẹ̀ kì í ṣófo. Àwọn ọmọ tó ti jáde ìwé mẹ́wàá tí wọn kò tíì rí yunifásítì wọ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ìwé tí wọ́n ń kà ti gbó débi pé àwọn kan ṣì ń pe àwọn orílẹ̀-èdè ní orúkọ tí wọ́n ti pa tì kí wọ́n tó bí ẹni tó ń kà á. Ìyàwó mi kì í ráhùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí máa ń ká a lára. Ó ní ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń gbé oúnjẹ àná tí ó ti kan fún ọmọ jẹ.

Nítorí náà, nígbà tí a gbọ́ lórí rédíò pé ìjọba yóò san èyí tó pọ̀ jù nínú owó waya tẹlifóònù àti íńtánẹ́ẹ̀tì fún ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìkàwé tó bá kọ̀wé béèrè, ìyàwó mi gbé oúnjẹ kalẹ̀. "Tíṣà," bẹ́ẹ̀ ló máa ń pè mí, "ṣé ẹ gbọ́ ohun tí mo gbọ́?" A ti ní kọ̀ǹpútà kan tẹ́lẹ̀. Ọmọ Ìkìrun kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló fi èyí tí wọ́n pa tì ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ ta ilé ìkàwé lọ́rẹ. Aṣọ tábìlì ni ìyàwó mi fi bò ó, kọ̀ǹpútà náà sì jókòó sí kọ̀rọ̀ bí àlejò tí kò gbọ́ èdè ìlú. A gbà pé waya nìkan ló kù. A kò mọ̀ pé ìwé ló kù.

Ẹ̀dà mẹ́rin fọ́ọ̀mù ìbéèrè náà ni wọ́n ní kí a mú wá sí ọ́fíìsì Ìkìrun. A fi ọwọ́ kọ ọ́, wọ́n ní kí a lọ tẹ̀ ẹ́. Obìnrin atẹ̀wé kan lábẹ́ odán fi kábọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní ẹ̀dà tó kẹ́yìn kò hàn tó. A tún un tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní èyí kò bá ìyẹn mu mọ́. Ọ̀nà Inísà sí Ìkìrun kò jìn, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n èèyàn lè rìn ín débi tí yóò fi kórìíra gbogbo igi tó wà lẹ́bàá rẹ̀. Akọ̀wé tó ń gba fọ́ọ̀mù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, tó máa ń nu ẹnu pẹ́ńnì rẹ̀ kí ó tó fi kọ ohunkóhun. Ó ń bọ̀wọ̀ fún wa, ìyẹn gan-an ló sì mú kí inú túbọ̀ máa bí mi, nítorí kò fún mi ní ohun tí mo lè dì mú bá a jà.

"Ẹ ò kọ nọ́ńbà tẹlifóònù yín síbí, mà," ó sọ fún ìyàwó mi lọ́jọ́ kan.

"A ò ní tẹlifóònù, sà. Òun la wá tọrọ."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rí àlàfo nínú fọ́ọ̀mù ní Òṣogbo, wọn ò ní wò ó."

"Ẹni tó bá ti ní tẹlifóònù nílé, kí ló ń wá débí?"

Ó ronú sí i, mo rí i pé ó ronú sí i lóòótọ́. "Wọn ò kọ ìyẹn sínú ìlànà tí wọ́n fún wa, mà."

Nọ́ńbà kẹ́míìsì kan ní Ìkìrun la kọ síbẹ̀ níkẹyìn. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló fún wa nímọ̀ràn náà, ó sì nu pẹ́ńnì rẹ̀ kí ó tó yá wa lò.

Ìgbà tí a rò pé ó ti parí ni wọ́n wá béèrè ìwé ilẹ̀. Wọ́n ní kí ẹni tó ni ilẹ̀ tí ilé ìkàwé dúró lé lórí fọwọ́ sí ìwé, tàbí kí ó tẹ̀ka, pé ó ti yọ̀ǹda rẹ̀. Ilẹ̀ yìí, ẹbí kan ní Òkukù ló fún ìlú. Obì ni wọ́n pa, wọ́n súre, wọ́n fi okùn wọn ilẹ̀, ó tán. Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó di okùn mú lọ́jọ́ náà ló wá di olórí ẹbí, bàbá arúgbó kan tó ń ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀, tó sì ń bọ Ọ̀tìn, òrìṣà odò wọn.

A lọ bá a nílé. Obì ló ń bó lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, òórùn èèpo rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó sì ro ọ̀rọ̀ náà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ìjọba fẹ́ ra ilẹ̀ náà ni?" Bàbá béèrè.

"Rárá, Bàbá. Waya ni wọ́n fẹ́ gbé wá síbẹ̀."

"Waya ọ̀hún ò lè dé orí ilẹ̀ tí mo fún yín, àfi bí mo bá kọ́kọ́ tà á?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé, ìyàwó mi fi ojú dá mi dúró. Ó ti yé e kí ó tó yé mi. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ta ilẹ̀ ló ń tẹ̀ka. Ẹni tó bá fi ilẹ̀ tọrẹ, ẹnu ló fi ń fúnni, obì àti àwọn tó jẹ ẹ́ sì ni ẹlẹ́rìí. Ta ni kò mọ ìdílé tí wọ́n gbé ìwé fún bàbá wọn pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kòkó ni, tí ó tẹ̀ka sí i, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì wá di àlejò nínú oko wọn? Bí Bàbá bá tẹ̀ka lórí ilẹ̀ yìí, a ti sọ ẹ̀bùn rẹ̀ di ọjà, gbogbo Òkukù ni yóò sì sọ pé ó gbowó.

"Ìyàwó tíṣà," ó ní, "mi ò bá ọ jà. Ilé ìwé yẹn, tiyín ni. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò mi, ara mi ló wà, ibẹ̀ náà ni yóò sì wà. Bí wọ́n bá ń fẹ́ ẹlẹ́rìí, mo ṣì lẹ́sẹ̀. Màá lọ."

Ó sì lọ lóòótọ́. Ọjọ́ tí wọn yóò kó fọ́ọ̀mù lọ sí Òṣogbo ni. Agbádá òfì tó wọ̀ ń rùn fún káńfọ̀, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì sì lé ọkùnrin kan kúrò níwájú kí Bàbá lè jókòó. Nígbà tí a wọlé, akọ̀wé dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó fi àga tirẹ̀ fún un. Bàbá rò ó délẹ̀: ìdílé tó ni ilẹ̀, ìdí tí wọ́n fi fún ìlú, ibi tí ààlà rẹ̀ dé, ẹni tó pa obì. Akọ̀wé ń mi orí sí gbogbo rẹ̀. Kò kọ ẹyọ kan sílẹ̀.

"Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ ó pẹ́ fún wa. Ọ̀rọ̀ yín yé mi dáadáa. Ṣùgbọ́n, Bàbá, mi ò lè fi yín sínú fáìlì."

Bàbá wo àwọn fáìlì tó kún pẹpẹ títí dé àjà. "Àwọn wo ló wà nínú ìwọ̀nyí?"

"Ìwé àwọn èèyàn ni, Bàbá. Àwọn kan wà láyé, àwọn kan ti lọ."

"Ó dáa. Bí o bá fẹ́ fi èmi náà síbẹ̀, ọmọ mi, ní sùúrù kí n kú ná."

Gbogbo ọ́fíìsì rẹ́rìn-ín, akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nù. Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa pé bí ìtẹ̀ka kò bá dé kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn, fọ́ọ̀mù wa kò ní lọ.

A sin Bàbá dé inú ọkọ̀, a sì padà sí abẹ́ odán. Mo ju fọ́ọ̀mù wa sórí tábìlì. Obìnrin atẹ̀wé tó ti ń tẹ ìwé wa láti ìbẹ̀rẹ̀ wo ojú mi. "Sà, ẹ má bínú o," ó ní. "Àtàǹpàkò ni wọ́n ní kí ẹ mú wá. Wọn ò ní kí ẹ mú ẹni tó ni ín wá." Ó ṣí ike tàdáwà rẹ̀. "Báwo lẹ rò pé tàwọn yòókù ṣe wọlé?"

N kò ronú púpọ̀. Mo ti ti àtàǹpàkò mi bọ inú tàdáwà kí ìyàwó mi tó di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Tíṣà."

"Kí ló dé? Ilẹ̀ tó ti fún wa ṣáà ni."

"Ó fún wa," ó ní. "Ẹ má tà á."

Ó ká etí ìborùn rẹ̀, ó sì nu ọwọ́ mi, ó ń nù ún bí ẹni ń nu imú ọmọ, títí kò fi sí ohun tí mo lè fi tẹ bébà mọ́. Atẹ̀wé dé ike rẹ̀. "Ẹ̀yin alákọ̀wé," ó ní, "ẹ ò ní jẹ́ kí nǹkan yá." Láti Ìkìrun títí dé Inísà, fèrèsé ọkọ̀ ni ìyàwó mi kọjú sí. N kò béèrè ohun tí yóò sọ fún àwọn ọmọ tó ń dúró dè é lórí bẹ́ǹṣì. Mo mọ̀ pé ohun tó ń rò nìyẹn.

Waya kò dé Òkukù lọ́dọ̀ wa. Ó dé àwọn ibòmíràn, mo sì gbọ́ pé ọkọ obìnrin atẹ̀wé yẹn ló ni ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tó pọ̀ jù ní agbègbè wa, bí a bá fi ti àtàǹpàkò wò ó. Kọ̀ǹpútà wa kú sábẹ́ aṣọ tábìlì rẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin atẹ̀wé náà kò lè pa ìtàn ohun tí ìyàwó mi ṣe mọ́ra, ìtàn a sì máa wọ bọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí Bàbá kú, tí àwọn kan fẹ́ ra iwájú títì, àwọn ọmọ rẹ̀ ta ohun tí wọ́n fẹ́ tà, wọn kò sì fọwọ́ kan ti ilé ìkàwé. Wọ́n ní bàbá wọn ti sọ fún wọn ẹni tí kò jẹ́ kí wọ́n jí ọwọ́ òun.

Ọdún mélòó kan lẹ́yìn èyí, nígbà tí àwọn ọmọdé pàápàá ti ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù, lẹ́tà ìjọba kan dé. Wọ́n ní àwọn ṣì ń gbé ọ̀rọ̀ wa yẹ̀ wò, kí a mú ìtẹ̀ka onílẹ̀ wá, tàbí ìwé ẹ̀rí ikú rẹ̀ bí ó bá ti kú, ẹ̀dà mẹ́rin. Ìyàwó mi kà á, ó jókòó. "Bàbá ní kí wọ́n ní sùúrù kí òun kú ná," ó ní. "Wọ́n mà ní sùúrù o." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọyẹ́ tó kọjá ni ìyàwó mi fi ayé sílẹ̀. Nígbà tó yá, mo lọ sí ọ́fíìsì kan nítorí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ bọ̀wọ̀ fún mi púpọ̀. Ó béèrè ìwé ìgbéyàwó wa. Mo sọ fún un pé a kò ní. Ìgbaye, ìlú rẹ̀, ni wọ́n ti fà á lé mi lọ́wọ́, níwájú ilé bàbá rẹ̀. Obì wà níbẹ̀, ẹnu ni wọ́n fi fún mi, àwọn tó gbọ́ ọ ti kú tán. Ó ní kò burú, pé àwọn ní ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀, tó ní a ṣègbéyàwó ní kóòtù, pé wọn yóò bá mi wá ọjọ́ fi sí i. Ó ṣí ike tàdáwà sí iwájú mi. "Ẹ kàn bá wa tẹ̀ka síbí, Bàbá."

Òórùn abẹ́ odán ló jáde sí mi. Mo jókòó, mo ń wo àtàǹpàkò mi. Ó ti hunjọ, ṣùgbọ́n òun náà ni. Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ Ìkìrun bá ti wá sí mi lọ́kàn, ìbínú ni mo máa ń bá níbẹ̀, nítorí mo rò pé ìjọba ló fi ìwé na àwa méjèèjì, tí a sì pàdánù. N kò mọ̀ pé ohun kan wà tí a mú bọ̀ níbẹ̀, àfi ọjọ́ yẹn, nígbà tí ó di pé èmi náà ni mo jókòó sórí àga Bàbá Òkukù. Wọ́n fún mi ní ìyàwó mi. N kò rí ìdí tí n ó fi tà á.

Mo dé ike náà, mo dá a padà fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà, mo sì sọ fún un pé n ó padà wá lọ́la. N kò tíì padà.