Àkíbù Bíríkìlà, Ẹni Tí Kókó Itan Sọ Di Ọba

Ọba pọ̀ láyé. Òmíràn jẹ nítorí bàbá rẹ̀ jẹ, òmíràn jẹ nítorí apá rẹ̀ ká ìlú. Èyí tí Àsàmáù fẹ́ ní Rumuigbo, nítòsí Pọtakọ́tì, kókó tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ itan ló fi jẹ tirẹ̀.

Àkíbù ni orúkọ ọkọ náà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, iṣẹ́ bíríkìlà ló ń ṣe. Nígbà tí ogun Bìáfúrà bẹ́ sílẹ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ sá lọ sílé. Nígbà tí ìjọba gba Pọtakọ́tì, wọ́n padà wá, wọ́n bá yàrá wọn láìsí páànù lórí. Àkíbù fọwọ́ ara rẹ̀ kan páànù mìíràn, torí kò tíì di ọba nígbà yẹn. Lọ́dún tí ogun wá parí pátápátá, kò sí àdúgbò tí ògiri ò wó. Ẹni tó bá ṣáà ti lè to búlọ́ọ̀kù léra ń jẹun. Àwọn tí a mọ̀ sí ọ̀lẹ látọjọ́ pípẹ́ pàápàá, sìmẹ́ǹtì ń bẹ lẹ́sẹ̀ wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Ọdún yẹn gan-an ni Àkíbù gbé ẹrù tó ju agbára rẹ̀ lọ, tí ìfun rẹ̀ sì yọjú sí ẹ̀gbẹ́ itan bí ọmọ adìẹ tó yọrí lábẹ́ ìyẹ́ ìyá rẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Bó bá wúkọ́, á yọ síta. Ìpá nìyẹn, àìsàn tó ti bá àwọn bàbá ńlá wa jẹun pọ̀.

Wọ́n júwe ilé ìwòsàn kan fún wọn ní abúlé kan lójú ọ̀nà Aluu. Dókítà Bọ́lárìnwá ló wà níbẹ̀, ọmọ Yorùbá, ọkùnrin tí ojú rẹ̀ máa ń dà bíi pé oorun ń jẹ ẹ́ ní gbogbo ìgbà. Kò ní í pẹ́ lọ. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà wá láti apá ilé wa, àwọn tó ku ìdánwò kan kí wọ́n di dókítà gidi, pé kí wọ́n wá fi ara àwọn ará oko kọ́ṣẹ́.

Ó yẹ Àkíbù wò, ó ní, "Abẹ ló gbà. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń ṣe é. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o, Bàbá. Bó bá yọ lọ́jọ́ kan tó kọ̀ tí ò wọlé mọ́, ìfun yẹn á kú, ẹni tó ni ín á sì tẹ̀ lé e. Tí a bá sì ti lọ, ọsibítù ìgboro ló kù, ẹ̀yin náà mọ bí àwọn tí ọta ìbọn bà ṣe tò síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ Àsàmáù lára bí òtútù. Láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí wọ́n la ọkọ òun kí dókítà tó lọ, kí òun má baà di opó nílẹ̀ onílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti rí Àkíbù.

Ẹ ò rí i, àwọn ọmọ yẹn ò gbọ́ Ìkwẹ́rẹ́, èdè àwọn ará ibẹ̀. Bí wọ́n bá bi ará abúlé pé níbo ló ń dùn ún, tí ìyẹn sì dáhùn, wọn á máa wo ara wọn bí ewúrẹ́ tó rí mọ́tò. Pijin ẹnu wọn pàápàá, ọmọ ọwọ́ ní ọjà Creek Road á fi í rẹ́rìn-ín. Ìwé ọdún márùn-ún, wọn ò lè bèèrè pé inú ń run ọ́ ni àbí ẹ̀yìn. Ìgbà tí Àkíbù wá lanu tí Yorùbá jáde, ńṣe ni wọ́n dì mọ́ ọn. Aṣáájú wọn, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jẹ́ Gbọ́lágadé, tí sítáàṣì mú kí aṣọ funfun rẹ̀ le bíi pákó, ló kọ́kọ́ pè é ní Pròfẹ́sọ̀.

"Pròfẹ́sọ̀ wa, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wúkọ́ díẹ̀."

Àkíbù á wúkọ́. Kókó á yọ. Gbogbo wọn á tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn á máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń yẹ píà wò lọ́jà tí kò sì ní í rà.

Orí ọkùnrin náà wú. Ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni ò kí rí ju "bíríkìlà, ṣe kíá" lọ! Wọ́n ń fi mọ́tò wá gbé e. Wọ́n ń fún un ní búrẹ́dì àti sàdíìnì. Kò pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn wí: "Kì í ṣe ibẹ̀, ìwọ yìí. Ọwọ́ ẹ tutù bí ọ̀pọ̀lọ́." Àwọn ọmọ náà á rẹ́rìn-ín, Àkíbù á sì mú un bọ̀ wálé bí ẹni gba oyè. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátá. Bí ẹnikẹ́ni bá wá pè é pé ògiri kan wó, á ní àwọn ọmọ òun ní ilé ìwòsàn ń retí òun.

Àsàmáù ló ń ta abọ́ tánganran ní Creek Road tí wọ́n fi ń jẹun. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tó dé, ó bá ọba lórí ẹní.

"Bàbá Falilat, Ọjọ́bọ̀ mìíràn tún ti kọjá."

"Ìyá Falilat, o ò lóye nǹkan. Wọ́n ní àwọn ò tíì rí èyí tó dá ṣáká bíi tèmi. Ẹni tó máa dán wọn wò ń bọ̀ láti òkè òkun. Èmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé síwájú ẹ̀."

"Wọ́n á gbé yín síwájú ẹ̀ bíi kí ni? Bí àgbò iléyá?"

"Bíi Pròfẹ́sọ̀."

Àsàmáù wò ó láti òkè délẹ̀. Ìfun tó yẹ kó wà nínú ló yọ síta yìí. Ọgbọ́n tó yẹ kó wà nínú orí, kò tilẹ̀ sí níbì kankan.

Ó tọ dókítà lọ. Dókítà ní òun ò lè fi ipá la ẹni tó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀ di ẹ̀yìn ìdánwò. Ó bá tọ Gbọ́lágadé lọ.

"Màmá, ẹ fara balẹ̀," ni ọmọ náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. "Bàbá wúlò fún wa gan-an báyìí. Tí a bá ti ṣe ìdánwò tán, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín."

"Ọjọ́ wo ni ìdánwò?"

"Ọjọ́rú tó ń bọ̀."

"Ọjọ́ wo lẹ ń lọ?"

"Ọjọ́ Jímọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ tó wà láàárín ńkọ́?"

"Ọjọ́ yẹn la máa di ẹrù, Màmá. Dókítà lè ráyè ṣe ẹyọ kan tàbí méjì."

"Dókítà kékeré, kí lorúkọ ọkọ mi?"

Ọmọ náà ya ẹnu, ó pa á dé. "Pròfẹ́sọ̀..."

"Èyí tí ìyá ẹ̀ sọ ọ́ ni mo ń bèèrè."

Gbọ́lágadé wo ilẹ̀, ó wo òrùlé. Gbogbo iṣan tó wà nítan ọkùnrin yìí ló lè kà lórí, kò mọ orúkọ onítan. Àsàmáù pòṣé, pòṣé tí àwọn aláìsàn tó wà lórí bẹ́ǹṣì fi gbé orí sókè, ó sì yí ẹ̀yìn padà. Ohun tí adìẹ wúlò fún ni wọ́n fi ń pè é ní ẹran.

Ní ọjà, ó sọ ọ́ fún Ibiere, obìnrin etí omi tó ń ta ẹja gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibiere fi ìtẹ́lẹ̀ ọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Na that small thing dem dey worship? My sister, you never see Boma own! E don reach knee!"

Àbúrò ọkọ Ibiere ni Boma, awakọ̀ ojú omi tó ń kó ẹja wá láti odò. Wọ́n ní ó ti tó ọdún mélòó kan tó ti ń fi ìró ńlá bo tirẹ̀, tó ń wá ẹni tí yóò là á, tí ogun ò sì jẹ́ kó ráyè.

Ọwọ́ Àsàmáù dúró lórí abọ́ tó ń nù. Gbogbo wa la mọ ohun tí Ìjàpá sọ nígbà tó ń lọ sájò. Wọ́n ní, Ìjàpá, ìgbà wo lo máa dé? Ó ní ó di ìgbà tí òun bá tẹ́. Ó yé Àsàmáù wàyí pé ọkọ òun ti lọ sájò, àti pé kò sí ẹ̀bẹ̀ kankan tó lè dá a padà. Àfi kó tẹ́.

Ó ní, "Ibiere, abeg, carry Boma come."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n dé ilé ìwòsàn náà. Àkíbù ti jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ìró rẹ̀ tú sílẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yí i ká, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe máa wúkọ́ níwájú òyìnbó lọ́la. Boma wọlé, ọkùnrin gbàràgàdà, ó ń ya ẹsẹ̀ rìn. Gbọ́lágadé gbójú sókè. Ojú rẹ̀ rọra sọ̀ kalẹ̀ lára ìró ọkùnrin náà títí dé orúnkún.

"Yéè! Ẹ wá wo nǹkan!"

Gbogbo wọn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, bí eṣinṣin tó rí ibi tó rà ju ibi tó wà lọ. Àmọ́ Boma na ọwọ́ síwájú.

"Nobody touch me. Who be doctor? Make I hear the day wey una go cut am. I no come do school for here."

Dókítà Bọ́lárìnwá jáde síta, ó ní Ọjọ́bọ̀ ni, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ìgbà náà ni Boma tó dùbúlẹ̀ fún wọn.

"Pròfẹ́sọ̀," ni Gbọ́lágadé ń wí, ó ti kúnlẹ̀, "abeg, cough small."

Àkíbù gbọ́ orúkọ rẹ̀ lára ẹlòmíràn. Ó wúkọ́. Ẹnikẹ́ni ò yíjú. Ó tún wúkọ́, èyí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó fi gbogbo agbára rẹ̀ wúkọ́ bí ewúrẹ́ tí egungun há lọ́fun. Gbọ́lágadé ò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Ẹnì kan bá mi fún bàbá yẹn ní oògùn ikọ́."

Bàbá yẹn! Àsàmáù dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí bí adé ṣe ṣí lórí ọba. Ara rẹ̀ yá. Ó jẹ́ kí ọkùnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ wá etí ìró, kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ so ó.

Àkíbù wá bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Ìwọ lo mú un wá."

"Èmi ni."

"O dójú tì mí, Ìyá Falilat."

"Ojú tó tì yín yìí, ó ń pa èèyàn ni? Èyí tó wà nítan yín ló ń pa èèyàn."

Àkíbù wo àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ̀yìn aṣọ funfun nìkan ló rí. Ó bá wọlé tọ dókítà.

"Dókítà, ẹ bá mi là á."

"Ẹ ò ní dúró ṣe ìdánwò mọ́ ni?"

"Ìdánwò ta ni?"

Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n kọ́kọ́ la Boma. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló kún yàrá náà, tí wọ́n ń na ọrùn bí ẹyẹ àkàlà. Òyìnbó ti dán wọn wò lára Boma, gbogbo wọn ló yege. Nígbà tó kan Àkíbù, wọ́n ti lọ di ẹrù. Dókítà àti nọ́ọ̀sì kan péré ló là á. Dókítà jáde sọ fún Àsàmáù pé ẹnu ibi tí ìfun náà ń gbà ti ń fún mọ́ra. Ká ní ó tún rí oṣù kan sí i, kò ní í wọlé mọ́.

Àsàmáù ní kí wọ́n jẹ́ kí òun wọlé.

Nígbà tí oorun abẹ dá lójú Àkíbù, ó wo yàrá ká. "Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́?"

"Wọ́n ń kó àpótí wọn sínú lọ́rì."

"Kò sẹ́ni tó bèèrè mi?"

"Rárá."

Ó kọ ojú sí ògiri. Nínú gbogbo ẹ̀gàn tó ti kó jọ láti oṣù yìí wá, Àsàmáù wá èyí tí yóò sọ, ọ̀pọ̀ ló wá sẹ́nu rẹ̀, tó sì dùn. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì. Wọ́n ní Àkíbù kò tíì gbọdọ̀ mu omi. Ó fi omi rin etí ìborùn, ó fi nu ètè rẹ̀ tó ti gbẹ. Ó jókòó tì í, ó ń lé eṣinṣin kúrò lára rẹ̀, títí ó fi sùn padà.