Èrè Tí Ilé Wa ní Box Bar Kò Pa

Àwa Yorùbá mélòó kan tí à ń ṣòwò ní Ọjà Albert, ní Banjul, la dáwó jọ ra ilé kan ní Box Bar. Owó tí àwọn ayálégbé bá san, à ń pín in kí Iléyá tó dé, èyí tí gbogbo Banjul ń pè ní Tobaski. Bí ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bá tó ra àgbò, ilé ṣiṣẹ́ nìyẹn. Bí kò bá tó o, ilé ya ọ̀lẹ. A ò ní ìwọ̀n mìíràn.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ohun tó kàn wá tó àgbò méjì. Háà, inú gbogbo wa dùn! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tí wọ́n jẹ́ alága wa, pe ìpàdé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Wọ́n ní ṣé a ti rí i bí ilé ṣe ń pawó, kí kálukú lọ kó gbogbo ohun tó bá ní wá, ká fi ra òmíràn ní Latrikunda.

Èmi àti ọkọ mi ní owó kan nílẹ̀, owó aṣọ tí mo tà àti owó iṣẹ́ télọ̀ tirẹ̀. Òun la fẹ́ fi kọ́lé sí Ìsẹ́yìn, kò sì sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Mo sì mọ ibi tí owó àgbò kejì ti wá. Ẹ̀gbọ́n ti ta ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ilé náà, wọ́n da owó rẹ̀ mọ́ owó àwọn ayálégbé. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ fún ọkọ mi. Wọn ò rí aburú kankan níbẹ̀: owó tó bá ti ara ilé wá, èrè ilé ni.

Ìyàwó kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n ọkọ. Mo wo ọkọ mi, ilẹ̀ ló ń wò. Inú bí mi débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Mo bá kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Bí mo bá ta aṣọ, tí mo tún ta tábìlì tí mo ń pàtẹ lé, ṣé mo lè ní ọjà yá? Ẹ yọ owó ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé kúrò. Ẹ yọ owó páànù tó ń jò tí a ò tíì pààrọ̀. Èló ló kù tí ilé fúnra rẹ̀ pa?"

Ẹnì kan ní, "Ilẹ̀ wo?"

Ọkọ mi ni Ẹ̀gbọ́n kọjú sí. "Ìwọ, ṣé o gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ ń sọ? Ṣé olè ni mí?"

N ò pè wọ́n lólè o! Wọn ò fi kọ́bọ̀ pa mọ́, wọ́n pín in kárí. Ṣùgbọ́n bí ọkọ mi bá fi lè ní n ò mọ ohun tí mò ń sọ, owó Ìsẹ́yìn ti lọ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n yìí ló sì tọ́ ọ, ló kọ́ ọ níṣẹ́, ló mú un wá sí Banjul.

Ọkọ mi dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn. Mo ní ó ti parí fún mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní, "òótọ́ ló sọ. Ilẹ̀ la pín."

Kò sẹ́ni tó dáwó lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n ò ní kí ọkọ mi dìde. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n wọ yàrá, wọ́n tilẹ̀kùn. Ó ṣì dọ̀bálẹ̀ síbẹ̀ nígbà tí gbogbo èrò ti lọ tán, èmi ni mo fà á dìde.