Sàlámù Tó Ti Ẹ̀yìn Àpáta Wá

Ẹ má bi mí bóyá mo mu nǹkan lọ́jọ́ náà. Ọmọ Ìlọrin ni mí, ilé alífáà ni wọ́n bí mi sí, ọtí ò kan ẹnu mi rí. Ojú mi ò fọ́, etí mi ò di. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ wù mí kó jẹ́ irọ́.

Abẹ́ ìjọba sójà la wà nígbà náà. Mo ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní GRA, Súlè àbúrò mi sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì nílé ẹ̀kọ́ girama kan. Àwa méjèèjì péré ni Ìyá wa bí. Súlè fẹ́ràn òkúta bí ẹlòmíì ṣe ń fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Tó bá ti di Sátidé, á fà mí lọ gun òkè kan lọ́nà Malete. Orúkọ òkè náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ n pa á mọ́ra.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," á wí, á fi òòlù kékeré lu òkúta. "Gbogbo èyí ti yọ́ rí, bí òrí inú ìkòkò. Iná abẹ́ ilẹ̀ ló sè é."

Mo máa ń sọ fún un pé kó kúkú fi òkúta ṣaya, kí Ìyá lè sinmi. Á rẹ́rìn-ín títí.

Lọ́jọ́ yẹn, ọyẹ́ mú gan-an. Ọ̀sán ni o, kì í ṣe òru. A kírun Àlàásárì lórí àpáta pẹrẹsẹ kan, a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kùrukùru ti bo ìsàlẹ̀, a ò rí ìlú mọ́. Súlè wà níwájú. Eruku há mi lọ́fun, mo ń wúkọ́.

Ẹnìkan kí wa láti ẹ̀yìn àpáta.

"Sàlámù àlékùmù."

Ohùn àgbàlagbà ni, ó rọra jáde. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́: ní Ìlọrin, ta ni wọ́n máa kí báyẹn tí kò ní dáhùn? Láti kékeré ni wọ́n ti fi kọ́ wa. Ikọ́ ni kò jẹ́ kí èmi lanu.

"Wàálékùmù sàlámù," Súlè ló dáhùn. Ó na ọrùn wo ẹ̀yìn àpáta náà.

Èmi náà wo ibẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, èèyàn ò lè dúró níbẹ̀. Ọ̀gbun ni.

"Ẹ̀gbọ́n," Súlè sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ṣé ẹ ò rí i ni?"

"Ta ni?"

Ó ṣì na ọrùn sí ọ̀gbun náà. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú ká máa lọ. Nínú ọyẹ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ gbóná bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ lórí iná.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la bá Ìyá, ó ń ja tẹ̀sùbáà. Ó kí wa, mo dáhùn. Súlè kọjá lára rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Mo ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀, tẹ̀sùbáà sì bọ́ lọ́wọ́ Ìyá. Abúlé ìdí òkè yẹn ni wọ́n ti bí i.

"Ṣé ó rí ojú ẹni náà kó tó dáhùn?"

"Rárá, Ìyá."

"Wọn kì í dáhùn ẹni tí wọn ò rí lórí òkè yẹn," ó wí jẹ́jẹ́. "Mi ò sọ fún yín. Mo rò pé ayé àtijọ́ ti bá a lọ."

Láti ọjọ́ náà, Súlè ò dá ẹnikẹ́ni tó bá kí i lóhùn mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ku òun nìkan nínú yàrá, a ó gbọ́: "Wàálékùmù sàlámù." Kò ní pẹ́, á tún wí i. A gbé e lọ sí ọsibítù, àwọn alífáà ṣàdúà títí ohùn wọn fi há. Ìyá ń sunkún, mo ń sunkún. Ní ọ̀sán Jímọ̀ kan, a ti mọ́sálásí dé, a ò bá a nílé. Òòlù rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì. A wá gbogbo òkè náà, a ò rí òkú, a ò rí aṣọ.

Mo ṣì máa ń lọ síbẹ̀ tí ọyẹ́ bá dé. Mo máa ń jókòó lórí àpáta tí a ti kírun. Ohùn kan sì máa ń kí mi láti ẹ̀yìn àpáta.

"Sàlámù àlékùmù, Ẹ̀gbọ́n."

Ohùn Súlè ni. Mo bi yín, báwo ni ọmọ ìyá mi ṣe máa kí mi kí n má lè dáhùn? Mo máa ń fi eyín di ètè mú títí màá fi sọ̀ kalẹ̀.

Ìyá ti darúgbó, kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Tí mo bá dé, á bi mí, "Ṣé ó kí ọ?"

"Rárá, Ìyá."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun òkè kiri, ẹ kọ́kọ́ wá ojú ẹni tó kí yín kí ẹ tó dáhùn. Kódà kó jẹ́ ohùn ẹni tí ẹ jọ mu ọmú kan náà. Èmi tí mò ń kìlọ̀ yìí, èmi nìkan ló kù fún Ìyá. Ọyẹ́ sì tún ti dé, ó sì ń wù mí kí n dáhùn.