Ibi Tí Ohùn Rẹ̀ Sọ̀ Kalẹ̀ Sí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pààrọ̀, ohùn kan wà ládùúgbò wa ní Òkè-Ìlá, nílùú Adó, tó máa ń dá ìyá mi dúró nídìí ọlọ. Bí ohùn náà bá ti gòkè, ìyá mi á gbé ọmọ ọlọ dání, kò ní sọ ọ́ kalẹ̀ títí ohùn yẹn á fi rọra bọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní á máa rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó gbé Òkè-Ìlá nígbà náà, bí ẹ bá rí èyí tó ṣì wà láyé.

Ọkùnrin tó ni ohùn ọ̀hún ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó fara ti ògiri ilé wa. Bọ̀dá Gìtá la máa ń pè é. Lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé parí, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀, wọ́n ń ta gìtá oníná, wọ́n ń kọ orin rọ́ọ̀kì bíi ti àwọn òyìnbó onírun gígùn. Kì í ṣe jùjú, kì í ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì. Orin ariwo ni. Ìlù á máa dún gbì-gbì, gìtá á máa ké, Bọ̀dá Gìtá á wá fi ohùn gun gbogbo rẹ̀ lórí. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe l'Ékòó, orin kan sì wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ọ̀dọ́ Adó mọ̀. Láàárín orin náà, gìtá á dákẹ́, ìlù á dákẹ́, òun nìkan á wá fi ohùn gbéra láti ilẹ̀, á gòkè, á gòkè, títí á fi dé ibi tí èémí tèmi ò lè dé. Ibẹ̀ là ń pè ní igbe. Ẹni tó bá lọ wò wọ́n, igbe yẹn ló lọ gbọ́.

Bàbá mi, tó jẹ́ tíṣà, tó tún ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kò fẹ́ràn orin náà rárá. Ó ní ariwo ẹni tí ilẹ̀kùn há lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo máa ń rí i tó ń fi ìka lu apá àga bí igbe náà bá ti ń bọ̀ lọ́nà.

Ọdún ń gorí ọdún. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba fún alágbádá, Bọ̀dá Gìtá ti lé lógójì dáadáa, ohùn náà sì ti yí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àmọ́ ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa, mò ń gbọ́ ọ. Tẹ́lẹ̀, á máa kọrin bó ṣe ń tú rédíò tó sì ń tò ó padà. Nígbà tá à ń wí yìí, bó bá ti sún mọ́ igbe, á wúkọ́, á dákẹ́. Ó ń jẹ orógbó láàárọ̀, ó ń lá oyin lọ́sàn-án, ó ń fọ́ ẹyin adìyẹ tútù sínú ife, á gbé e mu. Kò sí èyí tó ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àsìkò yẹn gan-an ni orin tuntun ń sọ sí i lọ́kàn. Wọn ò jọ ti àtẹ̀yìnwá. Wọ́n rọlẹ̀, wọ́n falẹ̀, kò sí igbe kankan nínú wọn, èdè Èkìtì ilé wa ló sì fi ń kọ wọ́n. "Ulé" ló ń pe ilé, bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pè é ní Ìgèdè. Ọ̀kan sọ nípa àga bàbá rẹ̀, tí kò sẹ́ni tó jẹ́ jókòó sí i mọ́. Òmíràn sọ nípa ẹnì kan tó ń ti oko bọ̀, tó ń wo èéfín ulé rẹ̀ lókèèrè, tí ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó yára.

Kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ohùn orin sílẹ̀. Èmi mọ sófà. Bàbá mi ti fi kọ́ mi láti kékeré, do, re, mi. Ló bá ra ìwé kan, ó ní kí n máa bá òun kọ ọ́. Bí mo bá ti ti ilé ìwé dé, màá jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, á máa kọrin díẹ̀díẹ̀, èmi náà á máa kọ sófà sókè, ọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Orin mẹ́sàn-án la kọ. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: àárín èmi àti òun nìkan ni orin mẹ́sẹ̀ẹ̀sán mọ láyé yìí, inú mi ò sì dùn sí i. Ó sú mi. Mò ń retí igbe, igbe ò dé. Mo tilẹ̀ sọ fún un lọ́jọ́ kan pé orin náà jọ orin ilé òkú. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, kí n ṣáà máa kọ ọ́ lọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Adó ló máa ń lọ sí Gálílì. Ìgbafẹ́ ni, òun la fi ń rántí pé Jésù ṣáájú àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí Gálílì lẹ́yìn tó jíǹde. A ó gbé oúnjẹ, a ó tò lẹ́sẹẹsẹ lọ sí pápá ilé ìwé kan, a ó ṣeré títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí Bọ̀dá Gìtá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá kọrin fún wa ní Gálílì. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tẹ́nikẹ́ni ti pè wọ́n kẹ́yìn. Ojú mi ni Bọ̀dá Gìtá ti sọ fún bàbá mi pé bí ọjọ́ yẹn bá dára, àwọn á máa kọrin lọ. Bí kò bá dára, àwọn ẹgbẹ́ òun ti ní ó parí nìyẹn.

Mi ò mọ̀ pé bàbá mi lè bọ̀wọ̀ fún orin náà àfi lọ́jọ́ yẹn. Ó ní kó fa ohùn orin àtijọ́ wálẹ̀ ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta, kí ọ̀fun rẹ̀ lè gbé e, tàbí kó kúkú fi í sílẹ̀, kó kọ àwọn tuntun tá à ń kọ sínú ìwé.

"Ohùn èèyàn kì í dúró lójú kan," ni bàbá mi wí. "Orin tó bá bá ọ sọ̀ kalẹ̀, òun ni tìrẹ."

Bọ̀dá Gìtá ń mi orí. Mo rí i pé ó ti fẹ́ gbà.

Lọ́jọ́ kejì ló wá bi èmi náà. Ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, pé èmi ni mo mọ ohun tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fẹ́. Èwo ni kí òun kọ?

"Ti àtijọ́ ni, pẹ̀lú igbe rẹ̀," ni mo wí. "Bẹ́ ẹ bá kọ ti inú ìwé yìí, ṣe la máa dìde lọ jẹ ìrẹsì."

Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó mú orógbó kan, ó ń yí i lọ́wọ́. Ẹyin lọ̀rọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi, bó bá bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Mo ju tèmi sílẹ̀, mo gbé báàgì ìwé mi, mo bá tèmi lọ.

Ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú Àjíǹde, àwọn ará ibẹ̀ máa ń gun orí òkè lẹ́yìn ìlú lọ gbààwẹ̀. Àdúrà tiwa ní ṣọ́ọ̀ṣì ńlá, jẹ́ẹ́jẹ́ ni, inú ìwé la ti ń kà á. Tiwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí nǹkan bá ń dùn lóòótọ́, lójú tiwọn, gbọ́dọ̀ kígbe kí ọ̀run lè mọ̀ pé kò ṣeré. Bọ̀dá Gìtá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀ lọ. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò lórí òkè yẹn. Láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, kò ní fi omi kan ọ̀fun, á sì máa fi gbogbo agbára ké pe Ọlọ́run pé kó dá ohùn òun padà. Ohùn ló ń wá, ohùn náà ló sì ń ná lójú méjèèjì.

Ọjọ́ Sátidé ló sọ̀ kalẹ̀. Mo kí i, ó dáhùn, mo rò pé ẹlòmíràn ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Ohùn náà ti há kanlẹ̀. Síbẹ̀ inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní ohùn ogbó ló ń jáde lọ yẹn, bó bá ti lọ tán, ti àtijọ́ á wọlé. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ Ajé, kó sì kọ àwọn orin tuntun tó wà nísàlẹ̀. Bọ̀dá Gìtá ní ìgbàgbọ́ ò gba ẹnu méjì.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Gálílì. Ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀ ọjọ́sí ni Bọ̀dá Gìtá wọ̀, ó fún un níkùn. Àwa ọ̀dọ́ jókòó sórí koríko níwájú, àwọn àgbà wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn. Orin àtijọ́ ló yàn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò burú, torí ìsàlẹ̀ ló wà; a ń pàtẹ́wọ́, àwọn kan ti dìde jó. Lẹ́yìn náà gìtá dákẹ́, ìlù dákẹ́. Gbogbo pápá ń dúró dè é. Ó gbé ojú sókè, ó la ẹnu.

Afẹ́fẹ́ ló jáde.

Ó tún un ṣe. Nǹkan kan dún bí ilẹ̀kùn tí irin rẹ̀ ti dógùn-ún, ó já. Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, òmíràn gbà á. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò ní parọ́ fún yín lọ́jọ́ ogbó mi. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo rẹ́rìn-ín, ó sì rí mi.

Ìgbà náà ni bàbá mi dìde lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú kóòtù ìsìn lọ́rùn. Ó gba orin náà lẹ́nu rẹ̀, nísàlẹ̀, níbi tí ohùn básì rẹ̀ lè dé, ó ń kọ ọ́ lọ. Ó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kí a lè bá a gbè é. Kò sẹ́ni tó gbè é. Bọ̀dá Gìtá tẹ́ gìtá sórí koríko jẹ́jẹ́, ó rìn lọ sídìí jẹnẹrétọ̀, ó pa á fúnra rẹ̀. Ohùn bàbá mi nìkan ló kù ní pápá títí orin fi parí.

Ohùn Bọ̀dá Gìtá kò padà mọ́, ti òkè ò wá, ti ìsàlẹ̀ náà sì lọ. Títí ó fi kú, ọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ló fi ń bá ẹni tó bá gbé rédíò wá sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, mo mú ìwé náà lọ fún un, ẹkún ò jẹ́ kí n rí ọ̀nà dáadáa. Ó tì í padà sí mi lọ́wọ́. Mo ní láti sún mọ́ ọn kí n tó gbọ́.

"Fi pamọ́. Ohùn tìrẹ náà á sọ̀ kalẹ̀ lọ́jọ́ kan. Bó bá dé ibẹ̀, bá mi kọ ọ́."

Mo gbà á, mo ní mo gbọ́. Mo lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, wọ́n ń gbé mi láti ìlú dé ìlú, mo lọ́kọ, mo bímọ. Inú àpótí kan ní ilé bàbá mi ni ìwé náà wà, mo sì ń sọ lọ́dọọdún pé màá wá mú un. Ọjọ́ tá a ṣí àpótí yẹn lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, ikán ti jẹ ẹ́. Igun ojú ewé kan ló ṣẹ́ kù, "ulé" wà níbẹ̀, so, mi, re sì wà lókè rẹ̀. Ìyókù ti kúrò lórí mi.

Ayé ti yí padà. Lóde òní ẹ̀rọ ń bá ẹni tí kò ní ohùn tún ohùn ṣe. Àwọn olórin tó ti darúgbó ń fa orin wọn wálẹ̀ lójú gbogbo ayé, wọ́n ń jókòó kọ ọ́, ẹ̀yin ọ̀dọ́ sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Mo máa ń wò ó lórí fóònù ọmọ ọmọ mi, inú mi á bàjẹ́ kanlẹ̀, torí ohun tí à bá fún aládùúgbò wa lọ́sàn-án ọjọ́ Gálílì yẹn nìyẹn, kì bá sì ná wa ní nǹkan kan. Lọ́dún tó kọjá, ọmọ náà wá rẹ́kọ́ọ̀dù ọjọ́sí yẹn rí. Igbe náà wà níbẹ̀ digbí, kò gbó. Ó ní, "Màmá, ẹ gbọ́ ohùn." Mo ní kó pa á.

Ó tó ọdún mélòó kan tí mo ti kúrò láàárín àwọn tó ń kọ tírẹ́bù, ohùn òkè, ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn mi ti sọ̀ kalẹ̀, ó ti dé ibi tí Bọ̀dá Gìtá wí gẹ́lẹ́. Láàárọ̀, bí ilé bá ti dá, màá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, màá kọ ọ́: so, mi, re, ulé. Màá dúró kí èyí tó kàn wá. Kì í wá.